Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Fún Baba Ẹlòmíì ní Pápá Bésíbọ́ọ̀lù

Ọ̀sán Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, bí wọ́n tilẹ̀ fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ ọpọlọ mi. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé wa pé èmi kọ́ ni mo jẹ̀bi. Rẹfirí ló jẹ̀bi. Inú ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí pé ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe lọ́jọ́ náà kò bá òfin mu, kò bá ẹ̀rí ọkàn mu, kò sì bá ìṣirò mu.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Houston mọ̀ pé n kì í gba ìrẹ́jẹ. Ẹnjiníà ni mí ní Clear Lake. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ni mo máa ń yẹ̀ wò. Bí ẹ̀rọ kan bá fi ìwọ̀n fọ́nrán irun yẹ̀, èmi ni wọ́n ń sanwó fún pé kí n pariwo. Ariwo ọ̀hún ló wá bá mi délé. Mo ti bá onílé mi fà á lórí ẹ̀rọ amúlétutù. Mo ti dá ìrẹsì padà nílé oúnjẹ, èyí tí wọ́n pè ní gbígbóná tó tutù bí omi àmù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí pásítọ̀ bá ní "ní ìparí," tí wọ́n tún wá ń wàásù lọ bí ẹni pé ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo máa ń lọ dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Bímpé, ọmọge tí mo fẹ́ fẹ́, bi mí nígbà kan pé, "Ṣé àwa méjì la jọ ń fẹ́ra, àbí èmi, ìwọ àti ẹjọ́?"

Houston níbí ni wọ́n bí Bímpé sí, ilé àwọn òbí rẹ̀ sì wà ní Mission Bend. Dókítà tó ti fẹ̀yìn tì ni Daddy rẹ̀. N kò tíì fojú kàn wọ́n rí. Orí fóònù la ti ń kíra, fọ́tò wọn tí mo sì rí, ìgbà tí gbogbo irun orí wọn ṣì dúdú ni. Ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, ni mo máa lọ síwájú wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ mi, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bímpé ti sọ fún mi láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé òun ò ní fẹ́ ẹni tí Daddy òun ò bá fẹ́.

"Please, má ṣàròyé kankan níwájú Daddy o," ló kìlọ̀ fún mi. "Ẹni tó wá ṣáájú ẹ, ó ní ata ọbẹ̀ Mummy ti pọ̀ jù. Daddy ní ẹni tó bá lè bá ọbẹ̀ jà, á bá ìyàwó jà."

"Èmi? Àròyé kẹ̀?"

"Ẹ̀n, ìwọ."

Ìyẹn ni Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi, tó ń gbé ní Sharpstown, ṣe ní kí á lọ wo bésíbọ́ọ̀lù lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ara mi lè balẹ̀. Ara ẹni tó balẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò rí i.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ eré yìí: ẹnì kan á di igi mú, ẹnì kejì á máa ju bọ́ọ̀lù sí i láti ọ̀ọ́kán. Rẹfirí á lóṣòó sẹ́yìn onígi, á máa wò ó bóyá bọ́ọ̀lù gba àyè tí òfin là kalẹ̀. Bó bá gbà á, ó wọlé. Bí kò bá gbà á, ó jáde. Bó bá wọlé lẹ́ẹ̀mẹta tí onígi ò sì rí i gbá, onígi á lọ jókòó. Bó bá jáde lẹ́ẹ̀mẹrin, onígi á gba ibùdó kan lọ́fẹ̀ẹ́; ẹni tó bá gba ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yíká ló ní ayò. Kò ṣòro. Láyé òde òní, wọ́n tiẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ wá sí i: bí onígi bá rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, á fọwọ́ kan akoto orí rẹ̀, ẹ̀rọ á sì fi ibi tí bọ́ọ̀lù gbà han gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ yín bá pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tí ẹ sì jẹ̀bi lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu yín ti pa nìyẹn. Rẹfirí ti di kábíyèsí.

Àwọn ọmọ wa ti fi ìwàǹwára pe ẹjọ́ tiwọn dànù kí eré tó gbóná rárá. Rẹfirí rí i pé kò sẹ́ni tó lè mú òun mọ́, ló bá fàgbà hàn wá. Bọ́ọ̀lù kan fò lọ sókè ejìká onígi, ẹyẹ nìkan ló lè gbá a. Ó ní ó wọlé. Òmíràn gba ẹ̀bá lọ, tí onígi ìbá na igi àti ọwọ́ pọ̀, kò lè kàn án. Ó ní ó wọlé. Òmíràn fò lọ sísàlẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ha bàtà onígi. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó sọ.

Mo dìde. Rẹfirí yìí ti hu ewú, wọ́n sì kọ́ mi nílé, n ò lè bú àgbàlagbà. Mo wá kígbe pé, "Ẹ̀yin alàgbà tí ẹ lóṣòó síbẹ̀ yẹn! Ṣé ẹ̀ ń ríran ṣá? Àbí ẹ̀ ń tòògbé?"

"Guy, abeg jókòó," ni Káyọ̀dé wí. "Ọkùnrin yìí ò gbọ́ Yorùbá."

"Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ní Yorùbá nìyẹn!"

Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni fóònù mi dún. Bímpé ni.

"Níbo lo wà tí ariwo pọ̀ tó báyìí?"

"Pápá bésíbọ́ọ̀lù ni."

"Ah! Daddy náà wà níbẹ̀ o! Ọ̀rẹ́ wọn ló fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wà nísàlẹ̀ pátápátá, lápá ọ̀tún rẹfirí, ìjókòó etí ọ̀nà. Wọ́n dé fìlà funfun. Sáré lọ kí wọn. Bí wọ́n bá gbọ́ pé o wà níbẹ̀ tí o ò wá kí àwọn, má wulẹ̀ yọjú lọ́la."

Mo ti ẹ̀wù bọ inú ṣòkòtò. Mo nu ẹnu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo ń to ìkíni lẹ́nu bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí lọ́jọ́ ìkórè. Ẹ̀tàn lásán ni o, nítorí pé ẹnu mi wà lórí ìkíni ṣùgbọ́n ojú mi wà lórí pápá. Eré sì ti dójú ẹ̀ gan-an. Àwọn ọmọ wa ti kún gbogbo ibùdó, bọ́ọ̀lù sì ti jáde lẹ́ẹ̀mẹta: bí èyí tó kàn bá jáde, wọ́n á ti ara wọn síwájú, àmì ayò kan á di tiwa, a ó bá wọn dọ́gba. Bó bá wọlé, ó tán fún wa.

Bọ́ọ̀lù náà jáde. Mo rí i. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan gbáko ló fi jáde. Rẹfirí gbé ọwọ́ sókè: ó wọlé!

Gbogbo ìkíni tí mo tò sẹ́nu dà nù. Ohun tó jáde ni, "Olè! Olè ni yín, sà!"

Bàbá kan tó jókòó sétí ọ̀nà, tí kò ju ẹsẹ̀ méjì síwájú mi, yíjú padà wò mí. Bàbá dúdú, irùngbọ̀n funfun, fìlà funfun. Daddy ti gbọ́ mi! Kí n tó ronú, ara mi ti ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré: mo na gbalaja sórí àtẹ̀gùn, àyà kanlẹ̀, ẹsẹ̀ mi wà lókè, orí mi wà nísàlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ má bínú, sà. Rẹfirí ni mò ń bá wí, sà."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún baba ìyàwó kì í dá dìde. Ó dìgbà tí wọ́n bá ní, "Dìde, ọmọ mi." Mo dúró dè é. Kò dé. Mo ní inú ló ń bí wọn, mo tún tẹ àyà mọ́lẹ̀ sí i. Bíà tí ẹnì kan dà sílẹ̀ ń rin ẹ̀wù mi, èèpo ẹ̀pà ń gún mi nígbọ̀nwọ́. Mo fi í sọ́kàn pé màá fẹjọ́ àwọn tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ sùn.

Nígbà tó pẹ́, bàbá náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi èdè òyìnbó bi mí pé, "Ọmọ, kí ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ? Ṣé kí n bá ẹ wá a?"

Ohùn yẹn kì í ṣe ohùn ọmọ Yorùbá kankan. Ohùn ọmọ Texas pọ́ńbélé ni. Baba ẹlòmíì ni mo dọ̀bálẹ̀ fún!

Kí n tó dìde, gbogbo pápá ti hó yèè. Mo gbójú sókè, mo sì rí ara mi lójú amóhùnmáwòrán ńlá, mo gùn tó ilé alájà mẹ́ta, mo dojú bolẹ̀. Wọ́n ti rò pé ìdájọ́ rẹfirí ló gbé mi ṣubú. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nítòsí náà bẹ̀rẹ̀ sí wó lulẹ̀ sórí ìjókòó wọn, wọ́n ń na ọwọ́ sí rẹfirí, wọ́n ń ké pé kó ṣàánú àwọn. Rẹfirí ṣí ìbòjú rẹ̀, ó wò mí bí ẹni pé ó fẹ́ pè mí náà ní ó wọlé.

Obìnrin kan tó ń ṣètò èrò sáré dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. "Má mira! Ṣé àyà ló ń dùn ẹ́?"

"Kò sóhun tó ṣe mí, mà!"

"Bí gbogbo wọn ṣe máa ń sọ nìyẹn." Ó wá pariwo pé, "Ṣé dókítà kankan wà nítòsí?"

Níwájú ìjókòó bàbá àkọ́kọ́ gan-an, bàbá mìíràn tí òun náà dé fìlà funfun dìde jẹ́jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dọ̀bálẹ̀ ni wọ́n ti fa fìlà yẹn bo ojú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n sì fi Yorùbá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ṣé ìwọ lò ń bọ̀ nílé mi lọ́la?"

"Èmi ni, sà."

"Mo ti ń gbàdúrà pé kó má jẹ́ ìwọ."

Wọ́n sọ fún obìnrin náà pé kò sí àìsàn kankan lára mi, pé ìbínú ni. Obìnrin náà ní òfin ni òfin, ẹni tó bá ṣubú gbọ́dọ̀ lọ sí yàrá ìtọ́jú. Wọ́n gbé àga onítáyà dé, wọ́n gbé mi jókòó. Èmi tí mo lè sáré dé Mission Bend! Daddy wá bẹ̀rẹ̀ sí etí mi.

"Dúró ná. Bọ́ọ̀lù tó gbẹ̀yìn yẹn, ó wọlé ni àbí ó jáde?"

Ọ̀rọ̀ Bímpé sọ sí mi lọ́kàn: má ṣàròyé. Mo ní, "Ó wọlé, sà. Rẹfirí gbìyànjú, sà."

Wọ́n ju ọwọ́ mi sílẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

"Ó kí ni? Ó wọlé? Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí ni mo ti ń wo eré yìí, n ò rí ìrẹ́jẹ tó tó ti òní rí, ìwọ wá ní ó wọlé? Afọ́jú ni ẹ́ ni, àbí òpùrọ́? Nítorí pé n ò lè fọmọ mi fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Má yọjú sílé mi lọ́la."

Wọ́n ti ń tì mí lọ. Mo yíjú padà lórí àga, n ò sì mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

"Daddy, mo parọ́! Ó jáde, sà! Àtẹ́lẹwọ́ kan gbáko ló fi jáde! Èyí tó gba òkè ejìká náà jáde! Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ha bàtà jáde! Èyí tó gba ẹ̀bá, mọ́tò lè gba àárín òun àti igi kọjá, sà! Rẹfirí yẹn, ó yẹ kí wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, nítorí pé kò ríran!"

Daddy dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rìn tẹ̀lé àga mi.

"O gbàgbé ti ọmọ tó ń fọwọ́ òsì gbá," ni wọ́n wí.

"N ò gbàgbé, sà. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn."

"Èyí tó sọdá orí!"

"Sà, kìnnìún gan-an ò lè fò débẹ̀!"

Bá a ṣe ń fà á lọ títí a fi dé yàrá ìtọ́jú nìyẹn. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó ní ó ga díẹ̀. Ó wo Daddy bí wọ́n ṣe ń na ìka sókè, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jókòó kí òun wọn tiwọn náà. Tiwọn ga ju tèmi lọ. Kí a tó túká, wọ́n ní, "Máa bọ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n wojú ẹni tí o fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún dáadáa."

Mo lọ. Mo wojú wọn dáadáa. Mo na ara mi sórí kápẹ́ẹ̀tì wọn ní Mission Bend, níwájú Mummy àti Bímpé: orúnkún, ikùn, àyà, gbogbo ẹ̀ ló kanlẹ̀. Daddy dìde lórí àga. Wọ́n lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n di ojú kan, wọ́n fi èkejì wo abẹ́ àyà mi.

"Kò kanlẹ̀," ni wọ́n wí. "Tún un ṣe."

Ẹ gbà mí gbọ́, ó kanlẹ̀! Bọ́tìnnì ẹ̀wù mi ti wọ̀ mí lára. Mo gbórí sókè, mo la ẹnu, mo sì bá ojú Bímpé pàdé. Mo pa ẹnu mi dé. Mo tún un ṣe. Wọ́n tún ní kò kanlẹ̀. Mummy ń fi gèlè bo ẹ̀rín. Ó dìgbà tó wu Daddy kí wọ́n tó gbé ọwọ́ sókè, tí wọ́n ní, "Ó wọlé. Dìde, ọmọ mi."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí èèyàn máa sọ òótọ́ nípa ìrẹ́jẹ, kódà níwájú àna. Ṣùgbọ́n rẹfirí kan wà láyé tí kò sí ẹ̀rọ tó lè yẹ ìdájọ́ rẹ̀ wò: ẹni tí èèyàn ń fẹ́ ọmọ rẹ̀. Bó bá ní ó jáde, ó jáde nìyẹn. Mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ tó sì tún ń dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n kó má kúrò láàárín àwa nìkan o: ti àkọ́kọ́ yẹn, àyà mi kanlẹ̀.