Túbọ̀sún àti Àgbò Eré Ọdún

Ní agbo ilé wa n'Íjẹmọ̀, a kì í fi oúnjẹ ṣòfò, a kì í fi omi ṣòfò; ẹnu nìkan là ń fi ṣòfò. Túbọ̀sún sì ni olórí wa. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Tirẹ̀ kún un, ó tún dà sílẹ̀, adìyẹ ń ṣà á jẹ.

Ọdún kejì lẹ́yìn tí a lé àwọn ará Dàhòmì kúrò lẹ́nu odi, ó lọ tọrọ Morónkẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá ní òun kò lè fi ọmọ fún ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí ju kó sọ̀rọ̀ lọ. Túbọ̀sún dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ dúró di ọdún eégún. Àgbò eré ọdún, ilé yín ló ń bọ̀."

Àgbò yẹn kì í ṣe ẹran yẹpẹrẹ. Àgbà mẹ́ta ní í jókòó wo àwọn eégún onídán lọ́dọọdún. Wọ́n á bú ijó, wọ́n á bú aṣọ. Wọn kì í rẹ́rìn-ín. Eégún tó bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín ló ni àgbò.

Ọjọ́ pé. Ẹ má bi mí bí èmi obìnrin ṣe mọ̀ pé Túbọ̀sún ló wà nínú ẹ̀kú. Ó di ọ̀nì, agbo tú. Ó di òyìnbó ìjọ, ó ń nu òógùn, ó ń bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́; ó kan ewúrẹ́, ó bọ òun náà lọ́wọ́, ó béèrè àlàáfíà ilé. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí obì fi bọ́ lẹ́nu ọ̀kan.

Túbọ̀sún ti rí ìyàwó. Ó wọ igbó ìgbàlẹ̀, ó bọ́ ẹ̀kú, ó nu ojú, ó sáré padà wá gba ẹran. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fa okùn àgbò lé Adétáyọ̀ lọ́wọ́, atọ́kùn tó kàn ń mú pàṣán rìn níwájú eégún. Ará ọ̀run kì í dúró gba ẹran. Atọ́kùn ní í bá a gbà á.

Túbọ̀sún ya ẹnu. "Èmi..."

Àwọn àgbà wò ó. Ẹ̀rín ti tán lójú wọn. "Ìwọ ńkọ́?"

Ìgbà náà ni ọpọlọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ẹnu rẹ̀ bá: ẹni tó bá ní òun ni eégún ti tú awo, ẹni tó bá sì tú awo kò ní í wá ìyàwó mọ́.

"Èmi náà ní kí n kí yín, ẹ̀yin àgbà. Ẹ kú ìjókòó."

Morónkẹ́ bi í níbi tó wà látàárọ̀. Ó ní oorun ló gbé òun lọ. Bàbá Morónkẹ́ mi orí títí.

"Irú eré báyìí kọjá, ìwọ ń sùn? Túbọ̀sún, ká ní ènìyàn ni ará ọ̀run yẹn ni, òun ni ǹ bá fún ní Morónkẹ́ lónìí."