Ojú Alàgbà Tímótì Nínú Ife

Bí ẹ bá dé Ìkìrun tí ẹ kò rí Alàgbà Tímótì Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, ẹ má ṣèyọnu, òun á rí yín. Àwòrán rẹ̀ wà lára ọkọ̀ rẹ̀, ó wà lára ilẹ̀kùn, ó wà lára agboòrùn. Mílíìkì sóyà ló ń tà, ṣùgbọ́n òun ní gbogbo Ọ̀ṣun lòun ń fún lọ́mú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kì í ní Abiyamọ Onírùngbọ̀n.

Oyè Baba Ìjọ ló ń lé, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Inísà. Ọjọ́ ìkórè ni wọn yóò kéde ẹni tó kàn. Alàgbà ra ife oníke rẹpẹtẹ fún títà àti fún ọjọ́ náà, ó sì ní kí wọ́n lẹ sítíkà ojú òun sí ìsàlẹ̀ gbogbo wọn nínú. Ẹni tó bá mu mílíìkì tán, olóore rẹ̀ ni yóò bá pàdé.

Kí ojú ọlọ́lá má baà ṣí, ó ṣòfin pé kànrìnkàn kò gbọdọ̀ kan àwọn ife náà. Omi tútù ni kí wọ́n fi ṣàn wọ́n. Ìyàwó rẹ̀, Ìyábọ̀dé, sọ fún un pé ife ti ń yọ̀ lọ́wọ́. Alàgbà ní dídán ni wọ́n ń dán.

Morádéyọ̀, wolé-wolé tó ń ti Òkukù wá, fi ìka ra inú ife kan. Ìka náà yọ̀ bí ẹni fọwọ́ kan ọbẹ̀ ilá. Ó ṣàlàyé pé kòkòrò tí ojú kò rí ló lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, tí wọ́n fi ohun yíyọ̀ náà ṣe òrùlé bo ara wọn, tí omi lásán kò fi lè lé wọn. Ó ní wọ́n ń gbé orí irin pàápàá, ṣùgbọ́n ike tó ti ha àti etí sítíkà tó ti ká sókè, ààfin ni fún wọn. Ó ní kí Alàgbà yọ sítíkà, kó fi ọṣẹ, kànrìnkàn àti omi gbígbóná fọ gbogbo rẹ̀.

"O fẹ́ kí n fi kànrìnkàn bó ojú ara mi?" ni Alàgbà wí. "Ẹni ńlá kì í dọ̀tí. Eruku ló ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́."

Ìkórè dé. Wọ́n pín mílíìkì kárí ìjọ, Alàgbà sì dìde pẹ̀lú maíìkì láti kí gbogbo èèyàn. Màmá Àtọ́kẹ́, Ìyá Ìjọ, fi àtàǹpàkò ra inú ife tiwọn. Àtàǹpàkò náà yọ̀. Wọ́n wá rán wa létí pé nílẹ̀ wa, ẹni tó gbé mímu wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó sì yọ gíláàsì ara rẹ̀ jáde nínú àpò agbádá.

"Tímótì, tèmi yìí ni kí o mu," ni Màmá wí.

"Rárá o, Màmá. Èmi kì í mu nínú àwọn ife yẹn. Ti èrò ni."

Ó ti gbàgbé pé maíìkì wà lẹ́nu òun. Gbogbo ìjọ gbé ife sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, inú mi sì dùn gan-an. Orúkọ ẹlòmíràn ni Fíkà, àlùfáà wa, kéde fún Baba Ìjọ.

Nígbà tí a fi máa jáde, Alàgbà ti wà nídìí bàsíà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú kànrìnkàn. Àṣẹ Ìyá Ìjọ ni. Àwọn tó ń kọjá ń kí i kú iṣẹ́, ẹnìkan sì sọ pé ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Màmá Àtọ́kẹ́ jókòó tì í, wọ́n gbé ife kan wò sí oòrùn, wọ́n dá a padà fún un.

"Tún un họ, Alàgbà," wọ́n ní. "Imú ṣì kù níbẹ̀."