Ọba Tó Ń Tẹ Owó àti Òrùlé Ìyá Àlàkẹ́

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ẹni tó ń tẹ owó kì í mọ ọjọ́ tí ọjà wọ́n"? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ra gààrí lánàá, mo ti rí ìdáhùn lójú yín. Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tọ́rọ̀ ti ṣẹ̀.

Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná nílùú Ìgbóọsàn tẹ́lẹ̀. Owó ẹyọ kò sì ṣeé rọ. Òkun ló ń bí i. Ọba tó bá fẹ́ ná an gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá a, bíi ti gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ yìí dun Kábíyèsí wọn títí, ó fi ránṣẹ́ pe Ògúnwándé alágbẹ̀dẹ.

"Bí o bá rọ idẹ pẹlẹbẹ kan, tí o ya orí mi sí i, èló ni yóò ná mi?"

"Kábíyèsí, àtidẹ àtẹ̀yinná àtowó iṣẹ́ mi, kò ju owó iṣu kan lọ."

"Bí mo bá wá pàṣẹ pé iṣu mẹ́wàá ni kí wọ́n máa fi í rà ńkọ́?"

Ògúnwándé họrí. "Á jẹ́ pé iṣu mẹ́sàn-án wọ ààfin láìkọ ebè kan."

Ọba bú sẹ́rìn-ín. "Irú oko tí mo ti ń wá látìgbà tí mo ti gorí oyè nìyẹn!"

Bí wọ́n ṣe fòfin de owó ẹyọ nìyẹn. Níbẹ̀rẹ̀, kò burú. Ọba tún odi ìlú ṣe, ó gbẹ́ kànga, a ò sì rẹ́ni ráhùn. Ṣùgbọ́n oko tí a kì í ro kó tó so, ta ni yóò kúrò ńbẹ̀? Ó ní kí wọ́n máa lú òjé mọ́ idẹ, kí owó lè pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, oníṣòwò kan gbé bébà dé láti ọ̀nà jíjìn. Kábíyèsí wo bébà, ó wo idẹ, ó ní, "Èmi náà kúkú ń fìná ṣòfò." Wọ́n gbẹ́ orí ọba sára igi, wọ́n ń tì í bọ aró, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Ẹni tó bá ní idẹ nílé, kó wá fi gba bébà.

Ojúọlápé, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Àlàkẹ́, wà lára àwọn tó lọ gbà á. Epo pupa ló ń fọ tà. Òrùlé rẹ̀ ti jẹrà, ikọ́ sì ń gbé ọkọ rẹ̀ ṣánlẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò. Owó koríko bẹẹrẹ tí yóò fi bo ilé ló ti ń tù jọ látọdún tó kọjá.

Ó kówó lọ bá oníbẹẹrẹ. Ọkùnrin náà mi orí. "Ìyá Àlàkẹ́, iye tí mo pè é níjọ́sí ti kú. Àwọn ará ààfin ló ń kọ́kọ́ dé pẹ̀lú bébà tútù, wọ́n á ra ọjà ní iye àná. Ìgbà tí bébà náà bá fi máa kàn yín, ó ti kún ọjà. Kì í ṣe bẹẹrẹ ló wọ́n o, owó ló rọ̀."

Ó padà lọ fọ epo sí i. Ó tún dé, iye náà tún ti sá síwájú. Obìnrin náà gba ààfin lọ.

"Kábíyèsí, ọjà ti wọ́n."

Ẹnu ya ọba, tinútinú ló sì fi yà á. "Ọjà wọ́n kẹ̀? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹṣin?" Àánú obìnrin náà sì ṣe é. "Ògúnwándé, tẹ púpọ̀ sí i. Fún un ní apẹ̀rẹ̀ méjì. Fún gbogbo ìlú!"

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìlú gbé apẹ̀rẹ̀ dé ọjà. Apẹ̀rẹ̀ méjèèjì ò ra ju ìdì bẹẹrẹ kan lọ.

Òjò ti ń ṣú bọ̀. Bàbá Àlàkẹ́ wú ikọ́ títí, ó ní, "Ìyá Àlàkẹ́, bí owó ò bá lè ra òrùlé, jẹ́ kó kúkú di òrùlé."

Wọ́n fi epo pa bébà, wọ́n tò ó sórí ilé. Àwọn aládùúgbò wá ń wòran. Àwọn kan tilẹ̀ ń jowú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òjò dé. Orí ọba yọ́ lókè, aró ń ṣàn sórí ẹní, sórí ọkọ, sórí aya. Ògiri mu omi yó, ó wó. Ìyá Àlàkẹ́ ò sunkún. Ẹkún pàápàá ti wọ́n.

Wọ́n forí lé ààfin láti tọrọ ibi tí wọn ó sùn, aró bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Kí wọ́n tó kúnlẹ̀ tán, ọba ti pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wá wò ó o! Tọkọtaya nínú aṣọ aláró tuntun! Ta ló ń purọ́ pé ọjà wọ́n? Ògúnwándé, tẹ òmíràn!"

Ìyá Àlàkẹ́ fa ọkọ rẹ̀ dìde. Ẹnu ibodè ni ẹnìkan ti bi í pé kí ni ọba wí. Kò tilẹ̀ dúró.

"Má dá a lẹ́bi," ló wí. "Ẹni tó ń tẹ owó kì í mọ ọjọ́ tí ọjà wọ́n."