Isu Inú Garawa

Bí mo bá dàgbà títí tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ tí bàbá Dúpẹ́ wá wo isu mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní kúrò lọ́kàn mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà, mo sì ń ṣe tíṣà ní Kàbà. Mo ń fẹ́ Dúpẹ́, òun náà ń fẹ́ mi. Ó ku bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀.

Nígbà tí mo lọ kí i, ó wo ọwọ́ mi méjèèjì pẹ́.

"Tíṣà, ọwọ́ yìí ti mú ọkọ́ rí?"

"Ó ti mú un, bàbá."

"Ó dáa. N óò wá wo isu rẹ kí n tó dá ọ lóhùn."

Irọ́ ni mo pa. Lọ́kọ́jà ni mo gbé dàgbà, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tó ń ṣòwò. Lójú àwọn àgbà Kàbà, ẹni tí kò ní isu, bó tilẹ̀ ń gba owó oṣù, ọmọdé ni. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé n óò pàdánù Dúpẹ́. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé bí mo bá bi ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń gbin isu, yóò dé etí bàbá. Nígbà tó yá, ẹ̀rù náà gan-an ń dẹ́rù bà mí.

Mo ní ìwé kan tó kọ́ni bí wọ́n ṣe ń gbin òdòdó tó ń gun okùn sínú ìkòkò. Mo rò ó pé isu náà ń gun nǹkan. Mo kó garawa mẹ́fà jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rọ iyẹ̀pẹ̀ kún wọn, mo gbin èèbù sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì na okùn látibẹ̀ dé abẹ́ páànù. Ìyá Onílé, opó tí mo háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, dúró ń wò mí.

"Tíṣà, kí lo ń sin síbẹ̀?"

"Òdòdó ni, màmá."

"Òdòdó tó ní èèpo isu." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n hù. Inú mi dùn débi pé mo ń bomi rin wọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Mi ò lu ihò sí ìdí garawa kankan, torí mi ò fẹ́ kí omi ṣòfò. Nígbà tí wọ́n ń gun okùn, mo rí i pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń yí sí, bẹ́ẹ̀ òdòdó inú ìwé mi ń yí sí òsì. Mo gba ìwé gbọ́ ju isu lọ. Mo tú wọn, mo tún wọn lọ́, mẹ́ta sì kán mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó kù. Mo mọ̀ pé isu kì í gbọ́ràn, ṣùgbọ́n bí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkàn mi kò ní balẹ̀.

Òjò wá dé. Omi páànù ń dà sínú garawa, ewé pọ́n, tanwíji ń lúwẹ̀ẹ́ lórí iyẹ̀pẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, èèbù ti rí bí ògì. Ìyá Onílé bi mí bóyá nǹkan kú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Dúpẹ́ yà sí ilé ẹ̀kọ́ wa.

"Bàbá ń bọ̀ wá wo isu rẹ bí oòrùn bá rọ̀. Ṣé ó dára?"

"Ó wà níbẹ̀," ni mo wí.

Bí a ti jáde ilé ẹ̀kọ́, mo sáré wọ igbó ẹ̀yìn ilé, mo gé ìtàkùn isu igbó mẹ́fà, mo kì wọ́n bọ ẹrẹ̀ inú garawa, mo lọ́ wọn mọ́ okùn bí ìwé mi ti wí. Láti ojú ọ̀nà, ó jọ oko. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Mo ń wọ́n omi sí wọn, mo sì ń fi ara mi ṣíji bò wọ́n, nígbà tí bàbá dé, tó sì kí mi bí wọ́n ti ń kí ara wọn ní Kàbà.

"Okun o, tíṣà."

"Okun o, bàbá. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"N ò wá jókòó."

Ó wo garawa kìíní, ó wo ìkejì.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbin isu, tíṣà. Irú isu wa tó ń yí sí òsì, òní ni mo kọ́kọ́ rí i."

Ó fi ìka méjì fa ìtàkùn náà. Ó yọ wẹ́rẹ́, kò ní gbòǹgbò. Mo fò láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, n ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ẹsẹ̀ mi gbá garawa, omi, tanwíji àti èèbù jíjẹrà dà sí bàbá lẹ́sẹ̀.

Ìyá Onílé yọjú. "Tíṣà, òdòdó rẹ mà ti dà."

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí: pé mi ò mú ọkọ́ rí, pé mi ò ti ń sùn dáadáa, pé mo tún parọ́ fún Dúpẹ́. Bàbá ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, kò wo ojú mi.

"Ó tó," ló wí níkẹyìn. "O ò bá ti sọ fún mi lọ́jọ́ kìíní. Ṣé oko mi jìnnà ni? Lọ́jọ́ Sátidé, kó àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ wá, kí ẹ wá ro oko àna bí ọkùnrin tó ń fẹ́ ìyàwó ti ń ṣe. Ọ̀rọ̀ Dúpẹ́ di ìgbà tí a bá wa isu."

Àwa mẹ́rin la lọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò sí ẹni tó lè di ẹfun ìkọ̀wé mú nínú wa. Àwọn yòókù ò padà lọ mọ́, ṣùgbọ́n èmi ń lọ ní gbogbo Sátidé. Lọ́jọ́ tí a wa isu, bàbá gbé ọ̀kan tó tóbi lé mi lọ́wọ́.

"Gbé e lọ fún àwọn ènìyàn rẹ. Sọ fún wọn kí wọ́n wá rí mi."

N ò mọ ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀ láàárín ebè.

Ohun tí mo kọ́ kò ju pé bí n kò bá mọ nǹkan, kí n tètè sọ ọ́, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá ń sọ ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n tí bàbá bá wà níjókòó, tó sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rín náà á dúró ná.