Ọjọ́ Tí Mo Fi Ilé Àlàájì Ṣògo ní Hamburg

Ọjọ́ Túsìdeè kan wà tí mo ti gbìyànjú títí láti gbàgbé, ṣùgbọ́n ó jókòó pa sínú ọkàn mi bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Bí mo bá rántí rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ń ṣe ni mo máa ń kọjú sí fèrèsé, kí ẹni tó jókòó tì mí má baà rí àgbàlagbà tó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì kà á tán dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Veddel ní Hamburg, níbi tí a ti ń kó mọ́tò àti fíríìjì sínú kòńténà lọ sí Èkó, ẹ béèrè ẹni tó lè to ẹrù tí kò ní mì títí tó fi máa dé Àpápá. Èmi ni wọn yóò júwe. Àwọn tó jáde ní yunifásítì ń pè mí ní ọ̀gá níbẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe òmùgọ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwà òmùgọ̀ ni mo fẹ́ ròyìn.

Ìyàwó mi, Ìyá Tèmi, nọ́ọ̀sì ni. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló gbé òun àti ọmọ wa wá sí Berlin ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n ń gbé ní àdúgbò kan tó ń jẹ́ Wedding níbẹ̀, nínú yàrá kan ṣoṣo. Èmi ń gbé ní Veddel, nínú yàrá tó jẹ́ pé bí mo bá na apá, ọwọ́ mi á kan ògiri méjèèjì. Gbogbo Fúráìdeè ni mò ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá wọn, gbogbo Sọ́ńdè ni mò ń padà. Ó rẹ̀ mí. Ó rẹ ìyàwó mi. Ọmọ wa kò tilẹ̀ sunkún mọ́ bí mo bá ń lọ. "Bis Freitag, Daddy," ó di Fúráìdeè, ló máa ń wí, kò ní gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀.

Ìgbà náà la gbọ́ nípa ètò kan tí wọ́n fi ń ran tọkọtaya lọ́wọ́ láti ra ilé àkọ́kọ́. Àlejò tó ní ìwé ìgbélùú náà lè rí i gbà. Kí ẹ sáà ti ṣègbéyàwó, kí ìwé yín má tíì súnmọ́ àtitán, kí ẹ sì jẹ́ ẹni tí kò nílé, níbikíbi láyé. A ti rí fúláàtì oníyàrá mẹ́ta kan ní Hamburg. Ẹni tó ń tà á ní òun á dúró dè wá títí ìparí oṣù. Ìyàwó mi ti rí iṣẹ́ nítòsí ibẹ̀. Bí a bá rí ìrànwọ́ yìí gbà, abẹ́ òrùlé kan náà la ó máa jí. Ó ku kí a lọ dáhùn ìbéèrè.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni ìyàwó mi bá wá láti Berlin láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ ti wú. Mo wọ kóòtù, mo so táì, mo fi fìlà lé e. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Daddy Tèmi, ohun tí wọ́n bá bi yín ni kí ẹ dáhùn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iyọ̀ sí i."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Ẹ kì í ṣe ọmọdé. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín kí a tó wọlé. A ní ilẹ̀ kan ní Ìbàdàn. Ilẹ̀ ni mo wí o. Ìpìlẹ̀ wà lórí ilẹ̀, koríko sì wà lórí ìpìlẹ̀. Ìyàwó mi ti béèrè lórí fóònù, wọ́n sì ti dá a lóhùn pé ìyẹn kì í ṣe ilé, kò lè dí wa lọ́wọ́.

Obìnrin òyìnbó kan ló gbà wá lálejò ní ọ́fíìsì ètò náà. Wọ́n ti bá wa pe ògbufọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun kò gbọ́ ohun tí òun bọwọ́ lù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ẹ̀gbá kan ni ògbufọ̀ náà, ó fi awò sójú, ó ń wo èèyàn bí ẹni ń yẹ aṣọ wò lọ́jà.

Wọ́n béèrè ọjọ́ tí a ṣègbéyàwó. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni, kí wọ́n lè mọ̀ pé mi ò gbé ìyàwó mi ní gbàrọgùdù. Ìyá túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó gbójú sókè, ó ní kí ni orúkọ àwọn ìyàwó méjì tó kù. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó ṣàlàyé pé obìnrin kan náà ni mo fẹ́ nílé bàbá rẹ̀, ní kóòtù, àti ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn náà ni ìyá kọjú sí mi. "Bàbá Tèmi, wọ́n ní ṣé ẹ nílé, níbikíbi láyé?"

Bó bá jẹ́ pé èdè Jámánì ni wọ́n fi bi mí, *nein*, rárá, ni ǹ bá wí, kò ní dùn mí. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi bi mí, ìyá tó lè mọ ẹbí mi ló sì bi mí. Ogún ọdún lókè òkun! Ewú ti wà lórí mi! Ẹnu mi kọ̀ láti sọ pé rárá.

"Ṣé irú èmi yìí lẹ rò pé kò ní nílé, mà? Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ní Ìbàdàn."

Ìyàwó mi fi ẹsẹ̀ ta mí lábẹ́ tábìlì. Mo rò pé ó ní kí n fi ẹ̀rí hàn ni. Mo bá yọ fóònù, mo fi fọ́tò hàn wọ́n: èmi rèé, mo fara ti géètì dúdú, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì funfun sì wà lẹ́yìn mi. Ilé Àlàájì ni, aládùúgbò ilẹ̀ wa. Mo ya fọ́tò níbẹ̀ nígbà tí mo lọ sílé, torí kò sí bí èèyàn ṣe ń fara ti koríko.

Ìyá wo fọ́tò, ó wo ìyàwó mi. "Bàbá Tèmi, ṣé kí n túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ túmọ̀ rẹ̀, mà. Ẹ má yọ géètì sílẹ̀."

Òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pa fáìlì dé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀.

"Ó ní ẹ kú oríire ilé," ni ìyá wí. "Ó ní àwọn tí kò nílé ni ètò yìí wà fún."

Ìyàwó mi kò pariwo. Ó bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì, ó fọwọ́ lérán. "Ẹ sọ òótọ́ fún wọn," ló wí, "kí n tó dìde níbí."

Mo jẹ́wọ́. Òyìnbó kò gbà. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ti gbọ́ òfin. Ó ní ilé ta ni, nígbà náà? Mo bá pe Àlàájì, mo gbé ohùn fóònù síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Àlàájì, ẹ káàsán o. Ẹ bá mi sọ fún wọn níbí, ta ló nilé yín?"

"Ta ló nilé mi? Ṣé o ti tà á ni?"

"Rárá o, Àlàájì, mo kàn..."

"Ìwọ lò ń fi géètì mi ya fọ́tò kiri, àbí? Gbọ́ o, ejò mẹ́ta ló ti inú koríko rẹ jáde wá sí ilé ìdáná mi. Ejò mẹ́ta! Onílé géètì, wá ro ilẹ̀ rẹ!"

Ìyá túmọ̀ gbogbo rẹ̀, kò fo ejò kankan. Mo gbọ́ *Schlange*, ejò lédè wọn, lẹ́ẹ̀mejì. Òyìnbó bu ètè jẹ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù kì í ṣe ìwé. Ó ní ohun tí òun ti kọ ti wà níbẹ̀, kí a lọ gba ìwé wá láti Ìbàdàn pé ilé náà kì í ṣe tèmi, kí a wá tún bẹ̀rẹ̀.

Ní Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá, mo fẹ́ tẹ̀lé ìyàwó mi lọ sí Berlin, torí mo ti gba ààyè níbi iṣẹ́ títí dọ̀la. Ó fọwọ́ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀.

"Ẹ̀yin ti nílé. Ẹ lọ sùn síbẹ̀."

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa dé.

Oṣù márùn-ún ni àbúrò mi fi lé ìwé náà ní Ìbàdàn. Akọ̀wé tó bá pàdé bi í pé kí ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń wá ìwé tó máa fi hàn pé kò ní nǹkan. Kó tó rí i gbà, wọ́n ti ta fúláàtì wa fún tọkọtaya mìíràn. Mo kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo rí kọ́tìnì wọn. Mi ò gba ibẹ̀ kọjá mọ́.

A padà lọ sí ọ́fíìsì. Ògbufọ̀ mìíràn ni wọ́n pè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kí mi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, tó ń pè mí ní bàbá. Nígbà tó béèrè bóyá mo nílé, mo rí i pé àánú mi ti ń ṣe é kí n tó dáhùn.

"Mi ò nílé," mo wí.

"Níbikíbi láyé, sà?"

"Ọmọ mi, níbikíbi láyé. Kọ ọ́ gàdàgbà."

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín nínú rẹ̀. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé wa báyìí, fúláàtì mìíràn la ń wá. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: iyì tí èèyàn ń wá lójú ẹni tí kò mọ̀ rí lè gba òrùlé kan náà mọ́ òun àti ẹni tó ń dúró dè é lọ́wọ́. Fúráìdeè lòní. Mo ń lọ wọ ọkọ̀.