Ọjọ́ Tí Mo Ní Èmi Kò Sí Mọ́

Ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi títí wọn ó fi bo yẹ̀pẹ̀ mọ́ mi: ọjọ́ tí wọ́n pè mí kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá tó wà ní Sókótó sọ̀rọ̀ lórí ìgbéraga.

Tíṣà ni mí, àdúgbò Minanata ní Sókótó ni mò ń gbé. Nígbà náà, mo máa ń gbọ́ wáàsí olóye kan lórí fóònù. Ó ní ohun tí à ń pè ní "èmi", èrò lásán ni. Kí ènìyàn wo inú ara rẹ̀ dáadáa, kò ní bá ẹnì kankan níbẹ̀. Ọlọ́run nìkan ló wà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára débi pé mo ṣíwọ́ sísọ "mo" àti "èmi". Mo wá ń wo àwọn tó ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni ń wo ọmọ tí wọn ò tíì já lẹ́nu ọmú.

Ìyàwó mi, ọmọ Ìlọrin tí kì í gba ìrànù, bi mí pé, "Bàbá Fárúkù, ta ló kó ẹran inú ìkòkò jẹ?"

Mo ní, "Ẹran di jíjẹ ni. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́."

"Ó dáa. Túwó alẹ́ náà, kò sẹ́ni tí n ó bù ú fún."

Gààrí ni èmi tí kò sí mu sùn.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo wọ agbádá búlúù tuntun, mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Kofar Doya. Awakọ̀ béèrè ibi tí mò ń lọ. Mo fi Hausa dá a lóhùn pé, ibi tí Ọlọ́run bá gbé wa dé ni. Mo bá dijú, mo ń wá "èmi" kiri nínú ara mi. Ìgbà tí mo lajú, Kalambaina, níbi iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, ni mo bá ara mi! Ibẹ̀ làwọn èrò yòókù ń lọ. Kí n tó rí kẹ̀kẹ́ mìíràn, eruku tírélà ti sọ agbádá mi di funfun.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí ètò dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó mú máìkì lọ́wọ́. Bó ṣe rí mi, ó tẹrí ba díẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn birikilà yòókù wà lẹ́yìnkùlé. Olùbánisọ̀rọ̀ wa là ń retí níbí."

Birikilà kẹ̀? Orí mi gbóná.

"Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́ ni? Èmi! Èmi Alhaji! Èmi tí mo ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì! Èmi ni mo wá sọ̀rọ̀ lórí ìgbéraga!"

Àṣé wọ́n ti tan máìkì. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Bàbá ìyàwó mi, tí ọmọ rẹ̀ ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún, jókòó níwájú. Bàbá náà yíjú padà pẹ̀lẹ́, ó ní, "Alhamdulillahi. 'Èmi' ti dé."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín! Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. Èmi gan-an ló yẹ kí n máa bẹ̀ ẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́. Mo ká ìwé ọ̀rọ̀ mi sápò, mo ròyìn ohun tójú mi rí lọ́jọ́ náà fún wọn. Kò sẹ́ni tó sùn.

Mo ṣì gbà pé olóye yẹn ò purọ́. Ṣùgbọ́n "èmi" kì í kú nítorí pé ènìyàn ò dárúkọ rẹ̀. Abẹ́ agbádá ló ń sá sí, ibẹ̀ ló sì ti ń sanra. Títí dòní, bí mo bá rántí ariwo tí mo pa, ojú a tì mí, ẹ̀rín a sì bú jáde lẹ́nu mi. Ẹni tó ń rín ẹ̀rín ọ̀hún gan-an, n ò tíì mọ̀ ọ́n.