Bí Mo Ṣe Fi Ọwọ́ Ara Mi Gbé Iṣẹ́ Ọdún Mọ́kànlá Fún Ẹni Tó Nù Ún Kúrò

Ẹnikẹ́ni ò wá ròyìn ẹ̀ fún mi. Ojú mi méjèèjì yìí, tí mo fi ń mọ ilẹ̀ tí kò dọ́gba kí n tó na okùn sí i, òun náà ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọjọ́ Sátidé yẹn ò tíì jáde lọ́kàn mi. Bí mo bá ń jẹun lọ́wọ́ tó bá yọ sí mi lọ́kàn, oúnjẹ á korò lẹ́nu mi. Inú ṣì ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́, bóyá àyà mi á fúyẹ́.

Táìlì ni mo ń tẹ́. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ àná ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ kiri o. Láti Ajah títí dé ìdí èbúté ọkọ̀ òkun tó wà ní Ìbẹ̀jú, ẹ béèrè ọkùnrin tó ń tẹ́ táìlì tí omi kì í dúró lórí ẹ̀, wọ́n á júwe ilé mi fún yín ní Addo. Ìwé kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, mi ò sì rí ohun tí ìyẹn fi ṣe mí. Àwọn tó ní dígírì ló ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan iṣẹ́ mi.

Àmọ́ àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ò ní sàtífíkéètì tá a lè gbé kọ́ ògiri. Fọ́tò ni sàtífíkéètì wa. Tí onílé bá pè ọ́, kò ní bi ọ́ ní ilé ìwé tó o lọ. Á ní, "Jẹ́ ká rí iṣẹ́ ẹ." Ìwọ á yọ fóònù, wàá máa fi ìka sún fọ́tò lọ, ilé dé ilé, balùwẹ̀ dé balùwẹ̀, títí onílé á fi mi orí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kó tèmi jọ. Nígbà tí mo ra fóònù ńlá kan, ẹni tó tà á fún mi kó gbogbo ẹ̀ kúrò nínú ti àtijọ́ sínú ẹ̀, mo sì fi ti àtijọ́ tọrẹ. Mi kì í fi fọ́tò iṣẹ́ mi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo máa ń fi hàn ọ́, màá sì dá a padà sápò, torí olè pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Bùsáyọ̀, wà lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ ní yunifásítì, wọ́n sì ní kó wá fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Lekki. Ọmọ gidi ni, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi. Ẹnu ẹ̀ nìkan ni mi ò lè fara dà. Kò sí ohun tó ń lo iná tí kò ní èrò lórí ẹ̀. Ó gbé géèmù kan wá láti ilé, ó so wáyà ẹ̀ mọ́ ìdí tẹlifísọ̀n mi, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó tì í, ọkùnrin kan á máa fò láti orí òrùlé kan sí èkejì.

Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Bùsáyọ̀, ọmọ tí wọ́n ń san owó ilé ìwé fún kì í ṣe irú iranù yìí."

"Bọ̀ọ̀dá mi, kì í ṣe iranù," ló wí, kò tiẹ̀ yíjú. "Ẹni tó ṣe géèmù yìí, ilé ló kọ́. Ẹ wo ògiri, ẹ wo àtẹ̀gùn, kò sì sí búlọ́ọ̀kù kan ńbẹ̀. Mo ti kú níbi òrùlé yìí nígbà ogún, ó ṣì ń ní kí n tún un ṣe. Olùkọ́ wo ló ní irú sùúrù yẹn?"

"Àgbà tó bá jókòó tó ń ta géèmù bí ẹni ń ta ayò, orí ẹ̀ ò pé."

"Èyí tí èmi ò fẹ́ràn ni àwọn tí wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù. Wọn ò ṣe ìyẹn kẹ́ ẹ lè borí. Wọ́n ṣe é kẹ́ ẹ má lè gbé e sílẹ̀ ni."

Mo wo fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ojú ẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ní, "Ìwọ tó ò ń kọ́ kọ̀ǹpútà, ṣé fóònù tó yẹ ọ́ nìyí? Tèmi ní kámẹ́rà mẹ́rin."

"Ojú méjì lẹ ní tẹ́ ẹ máa fi wò ó, Bọ̀ọ̀dá mi. Èyí ń pe èèyàn, ó ń gba ìpè, ó ń ka ìwé fún mi. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ fóònù lọ́dọọdún, àwọn tó ń ṣe fóònù ló ń ṣiṣẹ́ fún." Ó wá gbé géèmù ẹ̀ sílẹ̀, ó dojú kọ mí. "Fọ́tò iṣẹ́ yín ńkọ́? Inú fóònù yẹn nìkan ló wà? Ohun tó bá wà níbì kan ṣoṣo, ẹ kà á mọ́ ohun tó ti sọnù. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi ẹ̀dà ẹ̀ pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Kí àwọn Kamọ́rù lè lọ máa wò ó ńbẹ̀?"

Kamọ́rù yìí, táìlì lòun náà ń tẹ́. Ó máa ń yà kí mi ní sáìtì, á dúró, á máa wò yíká, á ní òun ń kọ́gbọ́n lára àgbà.

"Ẹnikẹ́ni ò lè rí i láìní ọ̀rọ̀ aṣínà yín," ni Bùsáyọ̀ wí.

"Ohun tó bá ní kọ́kọ́rọ́, olè á ṣí i. Gbé ẹnu ẹ kúrò lórí fóònù mi."

Ó ní, "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá mi," ó sì padà sórí òrùlé ẹ̀.

Ẹ ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tí mo bá sọ èyí tó kàn. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbà yẹn tí oníná kan ní sáìtì fi géèmù sínú fóònù mi, lọ́fẹ̀ẹ́. Bíríkì kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi ló máa ń já bọ́ látòkè, èèyàn á máa tò wọ́n kí àlàfo má wà. Èmi tó ń tẹ́ táìlì jẹun, wọ́n wá ń fi bíríkì títò dán mi wò. Mo ní màá fi hàn wọ́n. Ohun tó bá ti bi mí lójú ẹ̀, mo máa ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bóyá mo rí i kà o tàbí mi ò rí i kà. Nítorí pé mo ti sọ ọ̀rọ̀ àgbà tí orí ẹ̀ ò pé, mi ò lè ta á níwájú ọmọ yẹn. Ilé ìgbẹ́ ni mo ti ń ta á. Ìpele igba ó lé mẹ́tàlá ni mo dé. Bùsáyọ̀ kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé inú ń run yín ni?" Mo dá a lóhùn látinú pé ẹ̀wà ni.

Ìgbà yẹn gan-an ni lọ́yà obìnrin kan pè mí. Ó ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta ní Thomas Estate. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí n mú fọ́tò iṣẹ́ mi dání, pàápàá ti àtẹ̀gùn, torí àtẹ̀gùn ilé òun yí bí ìkarahun ìgbín. Ẹni tó bá gba irú iṣẹ́ yẹn, ọdún kan gbáko ni kò ní wáṣẹ́ kiri. Ara mi ò sì gba wíwáṣẹ́ kiri mọ́. Orúnkún mi ti ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kan péré kó tó di Sátidé, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Géèmù ò ṣí mọ́. Ìwé kan ń yọ lójú ẹ̀ ṣáá pé àyè ti tán. Ọlọ́gbọ́n á ti pe Bùsáyọ̀. Àmọ́ tí mo bá pè é, á rí géèmù. Ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn ní Addo Road.

Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Bàbá, ó ti kún ni. Màá fláàṣì ẹ̀, á dà bí ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á. Ṣé ẹ ti kó ohun tó wà nínú ẹ̀ jáde?"

Mo rò pé síìmù ló ń wí, mo sì ti yọ síìmù. Ká ní mo bi í ni, ì bá sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni màá wá máa bi ọmọ agboòrùn léèrè? Mo ní, "Ọmọ mi ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Kí lo fẹ́ sọ fún mi nípa fóònù?"

"Ó dá yín lójú, Bàbá?"

"Ṣe iṣẹ́ ẹ."

Ó ṣe é. Nígbà tó gbé e fún mi, ó ń sáré bí ẹṣin. Mo sanwó, mo tiẹ̀ fi nǹkan lé e.

Aago mẹ́wàá ọjọ́ Sátidé ò tíì lù tí mo ti dé Thomas Estate, nínú aṣọ tí mo fi ń lọ sí ìsọmọlórúkọ. Ta ni mo bá nínú yàrá tí wọn ò tíì rẹ́ yẹn? Kamọ́rù. Màdáàmù lọ́yà yẹn pe àwa méjèèjì ni.

Mo ní, "Kamọ́rù, o wá wo bí wọ́n ṣe ń gbaṣẹ́?"

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ẹ ṣáájú, ẹ̀yin làgbà."

Mo ṣáájú lóòótọ́. Mo fẹnu tẹ́ táìlì fún bí ogún ìṣẹ́jú. Mo ní tí Màdáàmù bá rí àtẹ̀gùn mi, wọn ò ní fẹ́ wo ti ẹlòmíràn. Mo wá yọ fóònù, mo ṣí ibi fọ́tò, mo nà án sí wọn láìwò ó.

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ ta nìyí?"

Mo gbà á. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀: ẹsẹ̀ ọkùnrin abẹ́ agboòrùn, nínú sílípáàsì, èyí tó fi dán kámẹ́rà wò. Òógùn bò mí. Mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún. Iná tọ́ọ̀ṣì tàn sójú Màdáàmù. Mo wá ilé tí mo ṣe ní Ṣàńgòtẹ́dó, mi ò rí i. Mo fẹ́ pe onílé ibẹ̀ kó wá jẹ́rìí mi, nọ́ńbà ẹ̀ náà ti bá a lọ.

Màdáàmù ní, "Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. Kamọ́rù, ẹ jẹ́ kí n rí tiyín ná."

Kamọ́rù mú tiẹ̀ jáde. Àkọ́kọ́ ò burú. Ìkejì, ẹ wò ó, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkẹta, mo na ọrùn sí i. Àtẹ̀gùn Ṣàńgòtẹ́dó ni. Àtẹ̀gùn mi. Ìpele keje àtẹ̀gùn yẹn, mo gé táìlì ibẹ̀ ní ìdábùú torí káfíńtà ti ṣe òpó síwájú jù. Ọjọ́ méjì ni mo fi wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀.

"Iṣẹ́ mi nìyẹn," mo ní. "Ọjọ́ tó wá kí mi ló yà á. Màdáàmù, ẹ wo ìpele keje."

Ohùn Kamọ́rù rọ̀ bí òwú. "Ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi. Tó bá jẹ́ tiyín, ẹ fi tiyín hàn wọ́n."

Mo dìde sí i. Màdáàmù na ọwọ́ sáàárín wa. "Bàbá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ lẹ ń sọ. Àmọ́ ohun tí mo bá rí ni mo lè tẹ̀ lé. Ẹ máa lọ sílé."

Abẹ́ agboòrùn ni mo kọ́kọ́ yà sí, pẹ̀lú ìbínú. Mo fa ọkùnrin yẹn láṣọ. Kò bá mi jà. Ó kàn ń sọ fún àwọn tó pé jọ pé, "Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì." Obìnrin tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní, "Ó bi yín lóòótọ́, Bàbá. Ẹ ní ọmọ yín ń kọ́ kọ̀ǹpútà." Mo fi aṣọ ẹ̀ sílẹ̀.

Nílé, mo gbé fóònù síwájú Bùsáyọ̀, mo jókòó. Ó wá a títí. Ó béèrè ìméèlì mi, mi ò mọ̀ pé mo ní. Ó rí i, ó fi wọlé, ojú mi là. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú fóònù, bíríkì aláwọ̀ oríṣiríṣi ń já bọ́.

"Ìpele igba ó lé mẹ́tàlá," ló kà. Ó gbójú sókè. "Ẹ̀wà, Bọ̀ọ̀dá mi?"

Ariwo ni mo pa. "Ta ló ní kí wọ́n pa ìyẹn mọ́? Ta ló bẹ̀ wọ́n? Fọ́tò mi dà?"

"Ẹ̀yin lẹ tẹ bẹ́ẹ̀ ni fún wọn nígbà tí wọ́n bi yín. Àwọn oní-géèmù fẹ́ kẹ́ ẹ padà wá, wọ́n sì fi tiwọn pamọ́. Fọ́tò yín, ẹ̀yin nìkan lẹ nílò ẹ̀." Ó gbé fóònù náà lé mi lọ́wọ́ jẹ́jẹ́. "Kò sí níbì kankan, Bọ̀ọ̀dá mi. Mo ti wo gbogbo ibi."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: tí ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ bá bi ọ́ ní ohun tí kò yé ọ, sọ pé kò yé ọ. Ẹnu mi ò gbọdọ̀ wúwo láti sọ ọ́ mọ́. Nígbà míràn tí mo bá kúnlẹ̀ síbi iṣẹ́ tí mo rántí ẹsẹ̀ nínú sílípáàsì yẹn lójú Màdáàmù, ẹ̀rín máa ń pa mí, ẹ̀rín tó ń dunni ní ìhà. Mo sì máa ń bínú lẹ́yìn ẹ̀.

Ohun tó lọ nìyí. Iṣẹ́ ilé alájà mẹ́ta kan. Fọ́tò ilé mọ́kàndínlógójì. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún. Balùwẹ̀, mi ò kà á rí. Fọ́tò ìyá mi, méjì, tí mo yà lọ́dún tó ṣáájú ikú wọn. Nínú ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.